Mo Sọ Pé Ilẹ̀ Ti Gbẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ẹnu mi kì í dákẹ́ bọ̀rọ̀, gbogbo àdúgbò wa ní Bolori ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì rí ẹni tí mo lè jókòó sọ ọ́ fún látòkèdélẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe gbé e wá bá yín.

Mùínátù ni mo ń jẹ́. Maiduguri ni wọ́n bí mi sí. Bàbá wa tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún èmi àti Jàáfárù, àbúrò mi kan ṣoṣo. Pákó ilẹ̀ là ń tà, àwọn pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ́ sínú yàrá dípò táìsì, pẹ̀lú fómù tó máa ń wà lábẹ́ wọn. Èmi ń tà, Jàáfárù àti Làtíì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń tẹ́.

Jàáfárù kéré gan-an nígbà tí ìyá wa kú. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ dàgbà. Kí n tó gbé e sínú omi gbígbóná, n ó ti kọ́kọ́ ti ọwọ́ ara mi bọ̀ ọ́, kí n mọ̀ bóyá kò ní bó o lára. Bó ṣe di ọkùnrin tó nírùngbọ̀n lágbọ̀n tó yìí, tí mo bá ti sọ pé báyìí ni nǹkan rí, kì í tún un wádìí. Ọ̀rọ̀ mi ti tó fún un.

Humaira ló fẹ́ fẹ́. Ará Moduganari ni wọ́n, Kanuri ni wọ́n, èèyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gwaggo Falmata, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, kò fẹ́ ká dé ibẹ̀ rárá. "Bayerabe?" ló wí, ìyẹn ọmọ Yorùbá, lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ kí wọn. "Ilé wo ló ní?" Mo gbọ́ Hausa ju bó ṣe rò lọ. Ó dùn mí wọnú egungun.

Ohun tó fà á tó fi bèèrè ilé nìyí. Níbí, ọkọ ló ń pèsè ilé, àwọn ará ilé ìyàwó ló ń kó ẹrù inú rẹ̀ wá: bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, àga, títí dórí ìkòkò. Kí wọ́n tó so yìgì, àwọn obìnrin wọn á ti wá to ẹrù náà sí yàrá. Jere ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ jere ni wọ́n máa ń wo ilé ọkọ tinú-tẹ̀yìn. Bí wọ́n bá rí ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn ò ní sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ilé kékeré tí Jàáfárù ní sí Bolori wà lára àwọn tí omi wọ̀ nígbà tí omi wọ ìlú wa. Ó ti hú gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ti da kọnkéré tuntun. Ó wá kù kí wọ́n tẹ́ pákó sí yàrá Humaira.

Kó tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ mú àwọn àbúrò bàbá wa wá síbi ìgbéyàwó, ó mú mi wọ yàrá náà. Ó ti na náílọ́nù pẹlẹbẹ kan sórí kọnkéré, ó fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ wo náílọ́nù yìí. Òkè kọnkéré yìí ti gbẹ, àmọ́ inú rẹ̀ ṣì mumi. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, abẹ́ náílọ́nù yìí ló máa gbà jáde, ẹ ó rí i tó máa ṣe bí òógùn. Ìgbà tí kò bá sí òógùn kankan mọ́ ni kí Làtíì tó tẹ́ pákó."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Kọnkéré wo ló ń mumi ní Maiduguri? Níbi tí aṣọ àkọ́kọ́ ti ń gbẹ kí n tó sá èkejì tán?"

"Ẹ ṣáà bá mi wò ó." Òun náà rẹ́rìn-ín. "Fómù búlúù yẹn sì ni kí ẹ kó fún Làtíì o. Mi ò fẹ́ òmíràn nínú yàrá Humaira."

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Pákó yìí, a kì í kàn án mọ́lẹ̀, a kì í sì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ṣe ni pákó kan máa ń ki ẹnu bọ ẹnu èkejì, tí gbogbo wọn á kàn dùbúlẹ̀ sórí fómù fẹ́ẹ́rẹ́. Fómù funfun ló wọ́pọ̀. Èyí tó jẹ́ búlúù ní náílọ́nù lẹ́yìn, kì í jẹ́ kí omi inú ilẹ̀ gòkè wá bá pákó, ó sì ṣòro rí. Ìwọ̀nba tó máa tó yàrá kan ló ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù wa. Jàáfárù ti fi okùn dì í, ó ti gbé e ti kọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ tó gbé e lọ kò tíì dé Damaturu dáadáa tí Fadékẹ́mi fi dé.

Báńkì ni Fadékẹ́mi ń ṣiṣẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá láti Adó-Èkìtì ni, wọ́n sì fún un nílé ní Old GRA. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni pé a ti mọra tipẹ́.

"Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ọmọ Yorùbá ni yín, ni mo ṣe sáré wá. Ilé tí wọ́n fún mi yẹn, ilẹ̀ rẹ̀ ń tutù. Ọmọ yìí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, ikọ́ kò fi í sílẹ̀. Wọ́n ní fómù kan wà tó ń dí omi."

"Ó wà. Àmọ́ ti àbúrò mi ni. Yàrá ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ fi tẹ́."

"Áà! Ẹ má bínú nígbà náà." Ó yí padà. "Ọ̀gá wa ní báńkì tilẹ̀ ní kí n bá àwọn wá ẹni tó máa tẹ́ ilẹ̀ gbogbo ilé wa. Ẹni tó bá tẹ́ tèmi dáadáa ni mo fẹ́ mú lọ bá wọn."

N kò ní parọ́ fún yín. Ikọ́ ọmọ yẹn ká mi lára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló mú mi. Gbogbo ilé báńkì! Mo ti ń rí orúkọ bàbá wa gàdàgbà lára ọkọ̀ ńlá. Mo ti ń rí Gwaggo Falmata tó ń bèèrè ta ló ni ín.

"Ẹ dúró," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n pè é."

Mo mú fóònù, mo bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé e sétí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò pe ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan dúró síbẹ̀, mo ń sọ̀rọ̀ sókè kó lè gbọ́: "Ẹ̀n? O gbà? Ọlọ́hun á san ọ́ lẹ́san, àbúrò mi."

Nígbà tí mo jáde, ojú mi ò tilẹ̀ yẹ̀. "Ó ní kí ẹ máa gbé e lọ. Ó ní nítorí ọmọ ọwọ́, òun á dúró de òmíràn."

Omi lé ròrò sójú Fadékẹ́mi. "Èèyàn ṣì ń ṣe báyìí láyé? Ẹ bá mi kí i o. Ẹ sọ fún un pé n ó wá síbi ìgbéyàwó rẹ̀, ẹnu ara mi ni n ó fi dúpẹ́."

"Kò sí wàhálà," ni mo dáhùn, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo bá a gbé fómù náà sínú ọkọ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé òmíràn á ti dé kí Jàáfárù tó dé. Mo pe oníbàárà wa tó ń kó fómù fún wa láti Kano, ó ní ọjà ń bọ̀. Mo tún pè, ó ní ọjà wà lọ́nà. Nígbà tó yá, kò gbé ìpè mi mọ́.

Ibi tí mo ti ń kanra mọ́ fóònù ni Gwaggo Falmata ti yọ sí mi nílé Jàáfárù, tòun ti obìnrin méjì. Kò jókòó. Ó wọ yàrá, ó fi gìgísẹ̀ bàtà gbá kọnkéré.

"Haba! Símẹ́ńtì lásán? Ọjọ́ jere ti dé tán, ẹ̀yin sì fẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá sùn sórí símẹ́ńtì? Bí agbára yín ò bá ká a, ẹ sọ, ká mọ ohun tí a máa sọ fún bàbá rẹ̀."

Àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé e fi ìbòrí bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Bí inú bá ti bí mi báyìí, n kì í ríran mọ́.

"Ọ̀la la máa tẹ́ ẹ," ni mo wí. "Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Làtíì tètè dé lọ́jọ́ kejì. Ọmọ Ìwó ni, òun àti Jàáfárù ló jọ ń tẹ́ ilẹ̀ káàkiri ìlú yìí láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọ̀dọ́, wọ́n mọ ọwọ́ ara wọn. Ó kọ́kọ́ lọ ká náílọ́nù tí Jàáfárù lẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Abẹ́ rẹ̀ kún fún omi wínníwínní. Kọnkéré ibẹ̀ sì dúdú, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí i.

"Àǹtí, ilẹ̀ yìí ò tíì gbẹ o," ni Làtíì wí. Ó wo fómù funfun tí mo kó wá. "Èyí kọ́ ni Jàáfárù sọ fún mi."

"Èyí ni mo rí. Tẹ́ ẹ ní ìlọ́po méjì, kó nípọn dáadáa."

"Tó bá nípọn jù, pákó á máa rì, Àǹtí. Ibi tí wọ́n ti ki ẹnu bọra á kán."

"Èwo ni kó rì? Ṣé kì í ṣe mátírẹ́ẹ̀sì tó bá nípọn ló ń dùn ún sùn? Làtíì, ṣé ìwọ lò ń gbéyàwó ni? Bí o kò bá ní ṣe é, máa lọ, kí n wá ẹlòmíràn."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú fómù sílẹ̀. Mo gba náílọ́nù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi etí ìborùn mi nù ún, mo ká a, mo tì í bọ inú báàgì.

Ibi tí mo ti ń ti báàgì yẹn pa ni fóònù mi ti dún. Jàáfárù ni.

"Àǹtí mi, Làtíì ní òní lẹ ní kí òun wá. Ṣé abẹ́ náílọ́nù ti gbẹ?"

Làtíì dúró, ó ń wo ẹnu mi.

"Ó ti gbẹ," ni mo wí.

"Kanlẹ̀?"

"Kanlẹ̀ ni. Ṣé n ó máa parọ́ fún ọ ni?"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Láéláé." Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. "Ẹ ní kó máa tẹ́ ẹ, ẹ ṣé."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí, pákó yẹn dára lójú! Ó ń dán, ó pọ́n bí oyin. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Humaira. Ó kọ̀wé padà pé òun ti fi hàn gbogbo ọ̀rẹ́ òun. Mo ní, ká wá wò ó bóyá Gwaggo tún lè rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn yàrá náà, òórùn kan kọlù mí, òórùn aṣọ tí wọ́n ká tútù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ní ọ̀dà ni. Mo ṣí fèrèsé. Lẹ́yìn ìyẹn, mo rí i tí etí pákó kan gbéra sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó wálẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó tún dìde.

Kí ni mo ṣe? Mo ra kápẹ́ẹ̀tì ńlá kan, mo fi bo gbogbo rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ síbẹ̀. Mi ò lè jẹun dáadáa. Tí mo bá sì fẹ́ pè é kí n sọ òótọ́, n ó rántí ẹ̀rín tó rín lórí fóònù, n ó tún gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú jere ni Jàáfárù àtàwọn àgbà wọlé, eruku bò wọ́n. Kò tilẹ̀ jókòó tó fi sáré lọ wo yàrá. Mo tẹ̀ lé e.

"Kápẹ́ẹ̀tì kẹ̀, Àǹtí? Ta ló ń fi kápẹ́ẹ̀tì bo pákó tuntun?"

"Nítorí bàtà àwọn obìnrin tó ń bọ̀ lọ́la ni. Kí wọ́n má bàa họ ọ́."

Ó rìn wọlé. Ó dúró. Ó tún gbé ẹsẹ̀, ó tẹ ibì kan náà. "Ó ń rì mọ́ mi lẹ́sẹ̀."

"Tuntun ni. Ara rẹ̀ máa balẹ̀."

Iṣẹ́ rẹ̀ ni o! Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ ní Bolori. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí kápẹ́ẹ̀tì náà mú bí ẹni fẹ́ ká a. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí fún mi.

"Jàáfárù," ni mo wí, "èmi ni mo dúró tì wọ́n tí wọ́n fi tẹ́ ẹ tán. Àwọn bàbá ń retí oúnjẹ."

Ó jọ̀wọ́ rẹ̀. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dúró tì wọ́n, ó ti tán," ló wí, ó bá mi lọ gbé oúnjẹ.

Ọjọ́ jere dé. Láti òpópónà ni a ti ń gbọ́ wọn, tí wọ́n ń ké guda, igbe ayọ̀ àwọn obìnrin, ọkọ̀ ẹrù tẹ̀ lé wọn. Gwaggo Falmata ló ṣáájú, ó wọ léèsì, ó kun làálì dé ọrùn ọwọ́. Jàáfárù àti Làtíì wà lára àwọn tó ń gbé ẹrù. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń kí wọn ní "sannunku, sannunku".

Bẹ́ẹ̀dì wọlé. Kò sí nǹkan kan. Mo mí kanlẹ̀.

Kọ́bọ́ọ̀dù ló kàn, èyí tó gùn dé àjà, tó ní dígí lójú. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ni ilẹ̀ rì. A gbọ́ "kà!", a tún gbọ́ òmíràn. Kọ́bọ́ọ̀dù náà fẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀, àwọn obìnrin figbe ta, Jàáfárù fi èjìká gbé e dúró. Lápá kejì yàrá, kápẹ́ẹ̀tì mi wú sókè bí ikùn.

Gwaggo ká kápẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀.

Pákó ti wú, ẹnu wọn ti ya, ìhà ògiri ti dúdú. Ọmọbìnrin kan fi ìka kan àárín pákó méjì tó là, ó gbé e sókè, ó ń kán. "Ruwa ne!" ló kígbe. Omi ni! Guda dákẹ́.

Jàáfárù kúnlẹ̀, ó fa pákó kan yọ. Ó ká fómù àkọ́kọ́, ó rí èkejì lábẹ́ rẹ̀. Funfun ni méjèèjì, funfun tó ti di eléèérí.

"Ta ló fi èyí síbí?" Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. Ojú mi ló ń wò.

Ẹ gbọ́, ká ní mo jẹ́wọ́ níbẹ̀ yẹn, bóyá mi ò ní í máa kọ̀wé sí yín. Ẹnu mi là.

"Làtíì ni. Búlúù ni mo kó fún un. Mi ò mọ ibi tó gbé e gbà."

Làtíì tó di ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mú gbójú sókè. "Èmi? Àǹtí, èmi? Ẹ̀yin lẹ ní kí n tẹ́ ẹ báyìí. Mo sọ fún yín pé ilẹ̀ ò gbẹ!"

"Wàláhì, irọ́ ló ń pa!" Mo búra. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo búra níwájú gbogbo wọn.

Jàáfárù wo Làtíì, ó wò mí. Wọ́n ti jọ jẹun nínú àwo kan náà láti ọmọdé. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. "Kó irinṣẹ́ rẹ," ló sọ fún Làtíì. "Máa lọ. Mi ò fẹ́ rí ọ níbi iṣẹ́ mi mọ́." Làtíì kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó gba àárín àwọn obìnrin kọjá, kò wo ẹnikẹ́ni.

Gwaggo pàtẹ́wọ́. "Ẹ kó ẹrù padà sínú ọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún gbogbo ìlú, ìyàwó tirẹ̀ ló wá ń tẹ́ irà fún. Bàbá Humaira ló máa gbọ́ tó kù."

Jàáfárù kò tíì dìde lórí eékún. "Ẹ jọ̀ọ́, Gwaggo. Ilẹ̀ ló bàjẹ́, n ó tún un tẹ́. Ẹ má kó ẹrù Humaira lọ."

Wọ́n ti ń gbé bẹ́ẹ̀dì jáde nígbà tí mo gbọ́ Yorùbá ní ẹnu ọ̀nà. "Ẹ kú ìnáwó o! Ta ni Bùrọ́dá Jàáfárù nínú yín?"

Yéè! Fadékẹ́mi ni. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀bùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ sáré lọ dí i lẹ́nu, àwọn tó ń gbé bẹ́ẹ̀dì dí mi lọ́nà.

"Èmi ni," ni Jàáfárù wí láti ilẹ̀.

Obìnrin yìí kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú omi àti pákó yẹn, kò tilẹ̀ wo ohun tó kúnlẹ̀ sí. "Ọlọ́run á bù kún yín. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín pè yín lórí fóònù, tí ẹ ní kí n máa gbé fómù búlúù tí ẹ tọ́jú fún ìyàwó yín lọ, ilé ni mo dé tí mo sunkún. Ẹ wo ọmọ náà. Ikọ́ ti fi í sílẹ̀."

Gwaggo wo ojú gbogbo wa. "Me ta ce?" ló bèèrè. Kí ló sọ?

Nínú àwa tí a gbọ́ èdè méjèèjì, kò sẹ́ni tó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Jàáfárù fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa fún wọn, lórí eékún rẹ̀, gbólóhùn kan tẹ̀ lé èkejì. Nígbà tó dé ibi fóònù, ó yíjú sí mi.

"Àǹtí, ìgbà wo lẹ pè mí?"

Mo fi ìborùn bojú.

"Náílọ́nù tí mo lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣé ó gbẹ?"

"Kò gbẹ," ni mo wí.

Ó dìde, ó sáré jáde, ó ń pe Làtíì. Kẹ̀kẹ́ ti gbé Làtíì lọ. Àwọn obìnrin ń kó ẹrù kọjá lára mi, ìkòkò, ìrọ̀rí, dígí, kò sẹ́ni tó bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ilé bàbá Humaira ni wọ́n ti dá ẹjọ́ náà. Bàbá náà ní ilẹ̀ tó bàjẹ́ kò dun òun. Ó ní ẹni tó bá lè dúró síwájú èèyàn kó búra irọ́ nípa ilé àbúrò rẹ̀, ṣé òun lè fi ọmọ òun sí ìtòsí rẹ̀? Gwaggo ní kí wọ́n tú ìgbéyàwó náà ká. Humaira fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: "Bàbá, Jàáfárù kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kó tún un tẹ́. N ó dúró." Wọ́n bá sún ìgbéyàwó síwájú, títí ilẹ̀ yẹn á fi gbẹ. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tíyẹn máa jẹ́. Gwaggo sì fi kún un pé èmi kọ́ ni n ó gba ìyàwó wọlé. Wọ́n gbà fún un. Èmi náà gbà.

Mo lọ sílé Làtíì. Mo kúnlẹ̀ lójú àwọn aládùúgbò rẹ̀, mo sọ pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, mo tún lọ sọ ọ́ níwájú Gwaggo àtàwọn obìnrin rẹ̀. Làtíì ní, "Mo ti gbọ́, Àǹtí," ó sì padà sínú ilé. Jàáfárù lọ bẹ̀ ẹ́ títí. Kò padà sọ́dọ̀ wa. Òun ló ń tẹ́ ilé báńkì báyìí, Fadékẹ́mi ló mú un lọ. Bí mo bá gba Old GRA kọjá tí mo rí i tó ń já pákó sílẹ̀, n ó yíjú sápá kejì.

Mo fi ìka àbámọ̀ bọnu. Ìwọ tí ò ń kà á, bí irọ́ kékeré bá wà láàárín ìwọ àti ẹni tó gbọ́kàn lé ọ, jọ̀ọ́, gbé fóònù lónìí, kó o pè é lóòótọ́. Má ṣe bíi tèmi.

Jàáfárù kò lé mi. Ó hú pákó náà dànù, ó tún lẹ náílọ́nù tuntun mọ́ kọnkéré, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. "Ẹ máa bá mi wò ó," ló wí. Gbogbo ìgbà òjò ni mo fi ń lọ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òógùn wà níbẹ̀. Ọyẹ́ dé, ètè wa ń la, òógùn ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti ń dín kù. Lọ́jọ́ tí mi ò rí i mọ́, mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún, kí n tó pè é.

Òun àti Humaira ló jọ wá, àbúrò Humaira obìnrin tẹ̀ lé wọn. Fómù búlúù tuntun ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ti gbẹ," ni mo wí.

Jàáfárù ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí mi." Ohùn rẹ̀ tutù, kò sí ìbínú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó ká náílọ́nù, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí kọnkéré, ó sì fi í síbẹ̀ títí. Ó ní kí Humaira náà wá fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo máa ń ti ọwọ́ bọ omi ìwẹ̀ rẹ̀ wò, mo dúró tì wọ́n, mo ń retí ohun tí wọ́n máa sọ.